Ààfin Tí Ẹṣin Ò Tíì Fi Sílẹ̀: Bí A Ṣe Ń Yan Ìrìn Ọjọ́ Kan Láti Paris

Ní ààfin Fontainebleau, ní gúúsù ìlú Paris, àgbàlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Àgbàlá Ẹṣin Funfun. Ẹni tó fẹ́ràn ẹṣin, tó bá rí orúkọ yẹn lórí máàpù, ara rẹ̀ á yá gágá. Á wọ ọkọ̀ ojú irin, á dé ibẹ̀, á rí àgbàlá tó fẹ̀ lọ súà, á rí àtẹ̀gùn olókùúta ńlá kan tí wọ́n kọ́ ní ìrísí bàtà ẹṣin, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹṣin kiri. Kò ní rí i. Ẹṣin ẹlẹ́mìí kọ́ ló fún àgbàlá náà lórúkọ, ère ni. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wọ́n ṣe àwòkọ ẹṣin tí Marcus Aurelius, olú-ọba Róòmù, gùn nínú ère rẹ̀ tó wà ní ìlú Róòmù. Ẹfun ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n sì gbé e sáàárín àgbàlá náà. Ní ọdún 1626 wọ́n gbé e kúrò. Orúkọ nìkan ló ṣẹ́kù.

Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Gbogbo ààfin tó yí Paris ká ló ní ẹṣin nínú ìtàn. Ó wà nínú àwòrán ara ògiri, ó wà nínú òkúta tí wọ́n gbẹ́ sókè ilẹ̀kùn, ó wà nínú orúkọ òpópó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dúró ní Ìjẹ̀bú-Òde rí lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tí àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin bọ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, tí eruku ń sọ, tí òórùn ẹṣin àti awọ gàárì gba afẹ́fẹ́ kan, tí ẹṣin ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún sí ìlù, olúwarẹ̀ mọ̀ pé àwòrán ẹṣin kò lè dípò ẹṣin. Ohun tó ń wá ni èyí tó ń mí, tó ń fi pátákò gbá ilẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè kan ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ní ààfin tí mo fẹ́ lọ yìí, ṣé ẹṣin ṣì ń jẹ koríko níbẹ̀ lónìí? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wá béèrè èkejì: ọjọ́ wo, àti aago mélòó, ni wọ́n ń jẹ́ kí àlejò rí i?

Kí ló tilẹ̀ so ààfin àti ẹṣin pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Faransé? Ọdẹ ni. Versailles tí gbogbo ayé ń pariwo yìí, ilé ọdẹ kékeré ni nígbà tí Louis Kẹtàlá kọ́kọ́ kọ́ ọ ní 1623. Igbó tó kún fún àgbọ̀nrín ló ń fa àwọn ọba jáde kúrò ní Paris lọ sí Fontainebleau, sí Compiègne, sí Chantilly. Ọdẹ tiwọn kì í ṣe ti ẹni tó dá gbé ìbọn kọ́ èjìká wọ igbó lóru. Ẹṣin ni wọ́n fi ń lé ẹran: agbo ajá níwájú, ẹlẹ́ṣin lẹ́yìn, títí àárẹ̀ á fi mú ẹran náà. Ẹṣin kan ò sì lè sáré láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà wọ́n máa ń kó ẹṣin mìíràn dúró dè wọ́n lọ́nà kí wọ́n lè pààrọ̀ gùn. Bí ọmọọba kan ṣe wá nílò ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹṣin nìyẹn, àti ilé tó máa gbà wọ́n. Lẹ́yìn rògbòdìyàn 1789 tó gba ìjọba lọ́wọ́ ọba, ilé ẹṣin kọ̀ọ̀kan bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Àwọn kan di ti ológun, àwọn kan di ilé ẹ̀kọ́, àwọn kan wó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé ẹṣin lẹ́yìn ikú ọba ló máa sọ fún yín bóyá ẹ máa rí ẹṣin lónìí.

Chantilly ni mo máa kọ́kọ́ rán yín lọ. Ìlú kékeré ni, nǹkan bí 40 kìlómítà sí àríwá Paris. Gare du Nord lẹ ti máa wọkọ̀. Ọkọ̀ TER á gbé yín débẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. RER D tó ń dúró ní ibùdó lẹ́yìn ibùdó á gbà tó ìṣẹ́jú 45. Ibi tẹ́ ẹ máa bọ́ sílẹ̀ sí ni Chantilly-Gouvieux. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé London tilẹ̀ ní àǹfààní tí ẹlòmíràn ò ní: Gare du Nord yìí kan náà ni Eurostar tó ń ti London bọ̀ ń já sí. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lówùúrọ̀ kò ní láti la Paris já kó tó bọ́ sínú ọkọ̀ Chantilly.

Bí ẹsẹ̀ bá gbà yín, ẹ fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀. Kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Ẹ máa gba abẹ́ igi, ẹ máa bọ́ sí etí pápá eré ẹṣin, koríko á tẹ́ rẹrẹ níwájú yín, lódìkejì rẹ̀ lẹ sì ti máa rí ilé kan tó gùn, tó ga, tó kún fún iṣẹ́ ọnà. Ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń dúró níbẹ̀ ya fọ́tò, tí wọ́n á ní àwọn ti dé ààfin. Wọn ò tíì dé ààfin. Ilé ẹṣin ni wọ́n ń yà.

Grandes Écuries ni wọ́n ń pè é, Ilé Ẹṣin Ńlá. Louis-Henri de Bourbon, ọmọọba Condé keje, ló ní kí Jean Aubert kọ́ ọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1719, ó sì parí ní 1735. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 186. Láàárín, ibi tí apá ilé méjèèjì ti pàdé, òrùlé rìbìtì kan gòkè tó mítà 28. Ẹṣin 240 àti ajá ọdẹ 150 ló ń gbé inú rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ọmọọba náà gbà gbọ́ pé tí òun bá kú, ẹṣin lòun máa padà wá sáyé, ìdí nìyẹn tó fi kọ́ ilé tó yẹ ọmọọba fún ẹṣin. Bóyá ó sọ bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́ o, bóyá àwọn ará ìlú ló sọ ọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹni tó bá wọ inú ilé náà kò ní ṣòro fún un láti gbà á gbọ́. Wọ́n tún máa ń ròyìn pé ní 1782, nígbà tí ọmọ ọbabìnrin Rọ́ṣíà, ẹni tó padà di ọba Paul Kìíní, wá ṣe àlejò, abẹ́ òrùlé rìbìtì yẹn ni wọ́n ti fún un lóúnjẹ alẹ́. Aṣọ ni wọ́n ta yí i ká, àlejò rò pé gbọ̀ngàn ààfin lòun wà. Nígbà tí oúnjẹ parí, wọ́n ká aṣọ náà kúrò, ó rí ẹṣin ní ọ̀tún àti òsì.

Èyí tó jọ mí lójú jù nínú ìtàn Chantilly ni pé ilé ẹṣin yè, ilé olówó ẹṣin kò yè. Lẹ́yìn 1789, wọ́n ta ààfin ńlá náà, wọ́n wó o, wọ́n sì kó òkúta rẹ̀ lọ. Ààfin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun nílò ibi tí wọ́n máa so ẹṣin mọ́, wọn ò fọwọ́ kan ilé ẹṣin. Ààfin tẹ́ ẹ máa rí lónìí, láàárín 1875 sí 1885 ni wọ́n tún un kọ́. Ilé ẹṣin tẹ́ ẹ máa rí, òun náà ni ti àtijọ́.

Nígbà tó yá, ẹ̀mí ẹṣin padà síbẹ̀. Ní 1982, olùkọ́ ẹṣin kan tó ń jẹ́ Yves Bienaimé dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì pè é ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹṣin Ẹlẹ́mìí. Ìtumọ̀ orúkọ yẹn ni pé kì í ṣe gàárì àtijọ́ àti ìjánu ìpẹta nìkan lẹ máa wò. Ẹṣin gidi wà nínú ilé. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2013, pẹ̀lú yàrá 15 tó ń sọ ìtàn ẹṣin àti ọmọ ènìyàn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ wo àwọn yàrá náà, wọ́n dára, pàápàá ibi tí wọ́n to ìjánu àti gàárì láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi sí. Ṣùgbọ́n ẹ má lo gbogbo agbára yín níbẹ̀. Àwọn tí ẹ torí wọn wá ń mí nínú ilé gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹṣin ńlá, ẹṣin kúkúrú àwọn ọmọdé, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, olúkúlùkù nínú yàrá tirẹ̀, koríko gbígbẹ níwájú rẹ̀.

Oríṣi nǹkan méjì ni wọ́n máa ń fi hàn yín, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àlàyé: ẹlẹ́ṣin kan á gun ẹṣin jáde, á mú kó ṣe ohun tó mọ̀, ẹnì kan á máa sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìkejì ni eré fúnra rẹ̀, tó ní orin, aṣọ àti iná, lábẹ́ òrùlé rìbìtì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lé eré, ṣùgbọ́n àlàyé ló ń la ojú ẹni. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni ẹṣin tó ń sáré lójú kan náà láìkúrò níbẹ̀, tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè ní méjì-méjì bí ẹni ń jó. Ẹṣin tó ń rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ tó ń na ẹsẹ̀ iwájú gbọọrọ. Ẹṣin tó kó gbogbo ara lé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tó gbé iwájú kúrò nílẹ̀ tó sì dúró bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tí ẹṣin kì í ṣe fúnra rẹ̀ nínú pápá nígbà tínú rẹ̀ bá dùn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni kí ẹṣin máa ṣe é nígbà tí wọ́n bá ní kó ṣe é, láìsí ìbẹ̀rù. Ọdún mélòó kan ló máa ń gbà. Nítorí náà, ẹ má kàn máa wo ẹsẹ̀ ẹṣin. Ẹ wo ọwọ́ ẹlẹ́ṣin. Bí ọwọ́ yẹn bá dúró jẹ́ẹ́, tí ìjánu ò fà, tí ẹ ò rí i kó fi ẹsẹ̀ ta ẹṣin, síbẹ̀ tí ẹṣin ń ṣe gbogbo èyí, ẹ mọ̀ pé ẹni tó wà lórí rẹ̀ mọṣẹ́.

Pápá tẹ́ ẹ gba etí rẹ̀ kọjá náà ní ìtàn tirẹ̀. Eré ẹṣin àkọ́kọ́ wáyé níbẹ̀ ní 1834. Eré Jockey Club bẹ̀rẹ̀ ní 1836, ti Diane ní 1843, oṣù Kẹfà sì ni àwọn méjèèjì sábà máa ń bọ́ sí. Ti Diane, abo ẹṣin ọlọ́dún mẹ́ta nìkan ló ń sá a, mítà 2,100. Àwọn obìnrin sì máa ń dé fìlà ńláńlá wá wò ó, ẹni tó bá rí i á rántí gèlè òde wa. Nígbà tí wọ́n ń tún pápá Longchamp ní Paris kọ́, Chantilly ni wọ́n gbé eré ìje ńlá Prix de l'Arc de Triomphe wá ní 2016 àti 2017, ẹṣin tó ń jẹ́ Found ló gbégbá orókè lọ́dún àkọ́kọ́, Enable lọ́dún kejì. Ìlú náà pẹ̀lú igbó tó yí i ká jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹṣin eré. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣe é, lórí ọ̀nà iyanrìn láàárín igi. Bí ẹ bá rìn wọ igbó lówùúrọ̀, ẹ má tẹ iyanrìn yẹn o. Ẹṣin tó ń bọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe èyí tó lè dúró lójijì.

Kí ẹ mọ̀ pé ẹṣin tó ń sáré àti ẹṣin tó ń jó, ọ̀tọ̀ ni ìran wọn, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀kọ́ wọn, ọ̀tọ̀ sì ni ọjọ́ wọn. Bí eré ìje lẹ fẹ́, kàlẹ́ńdà pápá ni kí ẹ wò. Bí ó bá jẹ́ ẹṣin oníjó, kàlẹ́ńdà ilé ẹṣin ni. Ọjọ́ eré ńlá ní oṣù Kẹfà, èrò máa ń pọ̀ dé ibùdókọ̀, kò sì rọrùn láti fi ara balẹ̀ wo nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà.

Ti ààfin ńkọ́? Ẹ wọ ibẹ̀ lẹ́yìn ẹṣin, ẹ má ṣe é ṣáájú. Ọmọ ọba Louis-Philippe tó ń jẹ́ Duc d'Aumale ló jogún rẹ̀, tó tún un kọ́, tó sì kó àwòrán jọ síbẹ̀ débi pé ní ti àwòrán àtijọ́, Louvre nìkan ló jù ú lọ nílẹ̀ Faransé. Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àjọ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé, Institut de France, pẹ̀lú májẹ̀mú pé wọn ò gbọ́dọ̀ yá ẹnikẹ́ni ní àwòrán náà, wọn ò sì gbọ́dọ̀ yí bí òun ṣe tò wọ́n padà. Ó kú ní 1897, wọ́n sì ṣí ilé náà fún aráàlú ní 1898. Nínú ilé ìkàwé rẹ̀ ni ìwé aláfọwọ́kọ Très Riches Heures ti Duc de Berry wà. Ojúewé oṣù Karùn-ún nínú kàlẹ́ńdà rẹ̀ jẹ́ àwòrán àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́lá tí wọ́n gun ẹṣin jáde, tí wọ́n fi ewé tútù ṣe ara lóge. Ìwé náà gan-an kì í sábà jáde síta, ẹ̀dà rẹ̀ lẹ máa rí. Nípa oúnjẹ, ọ̀rá wàrà tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ ṣúgà títí tó fi wú fùkẹ̀, èyí tó ń jẹ́ orúkọ ìlú yìí kárí ayé, ẹ tọ́ ọ wò nínú ọgbà.

Ó wá kan Versailles. N kò ní kí ẹ má lọ. Ẹni tó bá ń dé Paris fún ìgbà àkọ́kọ́, tí àwọn ará ilé á sì bi í pé ṣé ó rí Versailles, ó lè má rí ojú kọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹṣin wà ní Versailles, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin ló ń lọ tí wọn ò rí i, nítorí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Nígbà tẹ́ ẹ bá dúró ní ẹnu géètì ààfin, tí ìlà èrò gùn níwájú yín, ẹ yíjú padà. Ilé ńlá méjì tó tẹ̀ kọrọdọ, tó dojú kọ ààfin lódìkejì gbàgede, ilé ẹṣin ọba ni. Jules Hardouin-Mansart ló kọ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1679, wọ́n sì ń parí iṣẹ́ náà ní nǹkan bí 1682 tí Louis Kẹrìnlá kó ilé ìjọba wá sí Versailles pátápátá. Ọ̀kan ń jẹ́ Ilé Ẹṣin Ńlá, èkejì Ilé Ẹṣin Kékeré, bẹ́ẹ̀ ọgbọọgba ni wọ́n. Iṣẹ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹṣin tí ọba ń gùn fún ọdẹ àti ogun wà ní ti ńlá. Àwọn tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹṣin wà ní ti kékeré.

Olórí ilé ẹṣin ọba nílẹ̀ Faransé wà lára àwọn ìjòyè tó ga jù lọ. Ní ààfin wọn kì í tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, Monsieur le Grand ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń sọ pé Baba Ńlá. Ọmọ Yorùbá kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ní Ọ̀yọ́, Olókùn-ẹṣin kì í ṣe ẹni tó ń gé koríko fún ẹṣin. Ìjòyè ni, ayé rẹ̀ sì so mọ́ ti Aláàfin débi pé àṣà retí kó bá ọba kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1940 lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Wọlé Ṣóyínká gbé eré rẹ̀ Death and the King's Horseman kà. Ibi tí ọba bá ti ń gun ẹṣin, ẹni tó mú ìjánu dání súnmọ́ ọba ju ọ̀pọ̀ ọmọọba lọ. Ẹ rántí ìyẹn tẹ́ ẹ bá ń wo bí ilé ẹṣin Versailles ṣe dúró níwájú yàrá ọba gan-an, tí ọba bá jí, òun ló máa kọ́kọ́ rí.

Nínú Ilé Ẹṣin Ńlá yẹn ni Bartabas, ọ̀gá eré ẹṣin nílẹ̀ Faransé, dá ilé ẹ̀kọ́ ẹlẹ́ṣin sílẹ̀ ní 2003. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gun ẹṣin, wọ́n sì tún ń kọ́ ijó, orin, ìjà idà àti ọfà títa bíi ti àwọn ará Japan, kí ara wọn lè mọ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kí wọ́n tó ní kí ẹṣin mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ lára ẹṣin wọn jẹ́ ìran Lusitano láti ilẹ̀ Portugal, tí àwọ̀ wọn dà bí ọ̀rá wàrà, tí ẹyinjú wọn sì jẹ́ àwọ̀ ojú sánmà. Èmi gbà pé eré wọn jinlẹ̀ ju ti Chantilly lọ. Ó rọra ń lọ, ó dákẹ́, ó sì fẹ́ ẹni tó lè jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún lè sùn lọ níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ààfin, òpin ọ̀sẹ̀ ló sì máa ń bọ́ sí jù. Lẹ́yìn eré, wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn rìn gba ẹnu yàrá àwọn ẹṣin. Inú ilé yìí kan náà ni wọ́n kó àwọn kẹ̀kẹ́ ẹṣin àtijọ́ sí, títí kan èyí tí wọ́n fi gbé Charles Kẹwàá nígbà ìwúyè rẹ̀ ní 1825, tó kún fún wúrà débi pé ó ń dán gbinrin. Àkókò tí wọ́n ń ṣí i kò pọ̀, ẹ wò ó kí ẹ tó lọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá wo ìdíje ẹṣin Òlíḿpíìkì 2024 lórí tẹlifíṣọ̀n mọ̀ pé ọgbà Versailles ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ má torí rẹ̀ lọ. Pápá ìdíje náà, fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì ti tú u kúrò. Omi, igi àti koríko lẹ máa bá.

Láti dé Versailles, RER C tó ń já sí Versailles Château Rive Gauche ló súnmọ́ jù. Ẹ ka orúkọ yẹn dáadáa lára ọkọ̀, nítorí RER C ya sí ọ̀nà púpọ̀. Láti Saint-Lazare, ọkọ̀ mìíràn ń lọ sí Versailles Rive Droite, tí ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ sì kù.

Mo bú Fontainebleau níbẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí n dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà fún un. Inú ààfin kò ní ẹṣin, ṣùgbọ́n ìlú náà kún fún un. Pápá ìdíje Grand Parquet wà létí igbó, níbi tí ẹṣin ti ń fo ọ̀pá. Ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin àwọn ológun ilẹ̀ Faransé wà nínú ìlú. Igbó fúnra rẹ̀, tí àwọn ọba ti ń lé àgbọ̀nrín, ní ọ̀nà tó dára fún ẹlẹ́ṣin ju ti ibikíbi tó súnmọ́ Paris. Nítorí náà, ẹni tó mọ ẹṣin gùn, tí wíwò kò tó fún, ibẹ̀ ni kó lọ. Kó pe ilé ẹlẹ́ṣin kan tó wà ní agbègbè náà ṣáájú, kó sọ bó ṣe mọ̀ ọ́n gùn tó ní òtítọ́, kó gun ẹṣin wọ igbó lówùúrọ̀, kó wá wo ààfin lọ́sàn-án. Gare de Lyon ni yóò ti wọkọ̀ lọ sí Fontainebleau-Avon, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, bọ́ọ̀sì á sì gbé e dé ààfin. Níbi àtẹ̀gùn bàtà ẹṣin yẹn, tí wọ́n kọ́ láàárín 1632 sí 1634, ni Napoleon ti dágbére fún àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 1814.

Àwọn ààfin mìíràn wà tí ẹ máa gbọ́ orúkọ wọn. Compiègne àti Vaux-le-Vicomte ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin àtijọ́ tó lẹ́wà, ẹṣin tó yẹ kó fà á ni kò sí. Haras du Pin ní Normandy, tí wọ́n ń pè ní Versailles ti ẹṣin, tóbi, ó sì kún fún ẹṣin, ṣùgbọ́n ó jìnnà fún àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan.

Ní ti bí ẹ ṣe máa to ọjọ́ náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ̀ ojú irin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí aago eré. Ẹ wo ọjọ́ tí ẹṣin máa jáde, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ wá wá ọkọ̀ tó bá a mu. Versailles máa ń ti ààfin ní ọjọ́ Ajé, Fontainebleau máa ń tì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Chantilly náà sì jẹ́ ibi tí mo máa ń sọ pé kí ẹ yẹra fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìgbà òtútù, ní oṣù Kìíní, Chantilly máa ń sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì kan lè gba ààfin, ọgbà àti ilé ẹṣin pọ̀, ti eré lẹ máa san owó lé.

Ẹ tún wo ẹni tí ẹ ń mú lọ. Bí ẹ bá ní ọmọdé, Chantilly ni, láìsí àríyànjiyàn: ọgbà wà láti sáré, ẹṣin kúkúrú wà láti wò, eré kò gùn ju bó ṣe yẹ. Bí ọkọ tàbí ìyàwó yín ò bá fẹ́ràn ẹṣin rárá, Chantilly náà ni, nítorí òun lè wọ inú ààfin lọ wo àwòrán Raphael nígbà tí ẹ̀yin bá jókòó ti ilé ẹṣin, kò sì sí ẹni tó máa bínú sí ẹnì kejì nínú ọkọ̀ nígbà àbọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ti ń gun ẹṣin fún ìgbà pípẹ́, tó fẹ́ rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà, ẹ lọ sí Versailles lópin ọ̀sẹ̀, eré òwúrọ̀ ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì jẹ́ kí ààfin dúró di ọ̀sán tàbí di ọjọ́ mìíràn. Ààfin àti eré ní ọjọ́ kan, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín á sọ fún yín lálẹ́.

Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ. Òkúta àtijọ́ ló pọ̀ jù nílẹ̀ níbi gbogbo yìí, iyanrìn àti ìgbẹ́ ẹṣin sì wà níbẹ̀. Ẹ má lo iná fọ́tò, ẹ má pariwo lẹ́bàá ẹṣin, ẹ má sì mú súwíìtì tàbí búrẹ́dì jáde nínú àpò fún un. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ, inú rírun lè pa ẹṣin. Ẹ má gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Bí olùtọ́jú bá wà níbẹ̀, ẹ bi í bóyá ẹ lè fọwọ́ kan án. Tó bá gbà, ẹ rọra dúró sí ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀, níbi tó ti lè rí yín, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí i láìká ìka kò, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹṣin náà kọ́kọ́ gbóòórùn yín.